Ìdí Tí Ìgbín Kò Fi Tíì Dé Ẹnu Ọ̀nà Yín

Ìdílẹ̀kẹ̀ mi ọ̀wọ́n, ọkọ mi tí kò fún mi lówó ọbẹ̀ rí,

Mo kí yín tìfẹ́tìfẹ́. Mo kúnlẹ̀ kí n tó mú gègé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúnkún mi kò gbà kí n pẹ́ níbẹ̀. Ṣé ara le? Ṣé ojú tí wọ́n ṣe fún yín ti mọ́lẹ̀ dáadáa, tí ẹ ti lè fi òwú bọ ojú abẹ́rẹ́ láìpe ọmọ aládùúgbò? Ṣé ẹ̀rọ ìránṣọ yín ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, kí ẹ lè máa rán aṣọ kí ẹ sì máa rí gbogbo ẹni tó ń kọjá? Àwa níhìn-ín wà dáadáa. Ẹ̀gbọ́n yín ń jẹun, ó ń sùn, ó sì ń jiyàn. Ẹ mọ̀ ọ́n, ọjọ́ tí kò bá jiyàn mọ́ ni kí ẹ tó bẹ̀rù.

Ọ̀rọ̀ tí ẹ sọ lórí fóònù lọ́jọ́ náà ni kò jẹ́ kí n gbádùn. Ẹ ní, "Ìyàwó, ṣé mo ṣẹ̀ yín ni? Òjò ti dáwọ́ dúró tipẹ́, mi ò rí yín." Ẹ̀gbọ́n yín wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi tó ń fọwọ́ júwe pé kí n sọ pé ọ̀nà bàjẹ́, èmi náà sì sọ bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà ò bàjẹ́ níbì kankan, ọkọ mi. Ẹ ò sì ṣẹ̀ wá rárá. Táyà ló fa gbogbo ẹ̀. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́, ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí n kọ ọ́ fún yín láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Kò ṣeé sọ lórí fóònù, torí ẹni tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í jìnnà sí mi ju yàrá kan lọ, etí rẹ̀ kì í sì í mú àfi ìgbà tí kò bá yẹ kó mú.

Ẹ̀yin náà lẹ sọ ọkọ̀ wa ní Ìgbín. Ọjọ́ tí ẹ kọ́kọ́ rí i tó ń fà bọ̀ lórí òkè yín, odindi ilé lórí táyà, pẹ̀lú bẹ́ẹ̀dì, sítóòfù àti ibi ìwẹ̀, ẹ pàtẹ́wọ́, ẹ ní bí ìgbín bá fà, ìkarahun rẹ̀ á tẹ̀lé e. Láti ìgbà tí ọkọ yín ti lọ sinmi la ti ń gbé e wá sọ́dọ̀ yín lọ́dọọdún, ká lè jọ jókòó fún oṣù kan, kí ilé yín má baà pa rọ́rọ́ jù. Nígbà tí a bá padà dé, Ìgbín á tún dúró sójú kan níwájú ilé wa nínú oòrùn títí di ọdún tó ń bọ̀.

Iṣẹ́ ẹ̀gbọ́n yín ò ṣàjèjì sí yín. Aránbàtà ni. Ó ti fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kò tíì gbọ́. Nígbà tí kò rí bàtà ṣe mọ́, ó dojú kọ táyà. Gbogbo àárọ̀ Sátidé ló máa ń gbé àpótí kékeré rẹ̀ jáde, á jókòó ti Ìgbín, á sì máa fi pólíìṣì dúdú kun táyà lọ́kọ̀ọ̀kan, á fi àkísà nù ún títí á fi máa dán. Àwọn tó ń kọjá á ní, "Bàbá, ẹ ti ra táyà tuntun! Ẹ kú orí ire o!" Á rẹ́rìn-ín músẹ́, kò sì ní sọ fún wọn pé ó ti pẹ́ tí táyà náà ti wà nídìí ọkọ̀. Mo máa ń wò ó látojú fèrèsé, ó sì máa ń wù mí. Ọkùnrin mélòó ló mọ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú nǹkan?

Nígbà tí a wá ń múra àtiwá sọ́dọ̀ yín lọ́dún yìí, mo ní kí n fọ Ìgbín. Ẹ̀gbọ́n yín ti lọ gẹ irun. Mo po omi gbígbóná mọ́ ọṣẹ, mo fọ ara ọkọ̀ látòkè, mo fọ gíláàsì, mo wá dé ìdí táyà. Ọwọ́ alágbàfọ̀ kì í mọ ibi tó yẹ kó dúró. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi búrọ́ọ̀ṣì gbo ó, pólíìṣì ọdún gbọọrọ sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn lọ sínú gọ́tà. Ìgbà tó tán ni mo tó rí ara táyà gan-an. Ojú rẹ̀ tó ń tẹ ilẹ̀ dára, kò jẹ rárá, gbogbo ilà inú rẹ̀ ṣì jìn. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti là wẹ́wẹ́ yíká bíi gìgísẹ̀ ẹni tí kì í para. Mo fi èékánná kàn án, ó ṣí.

Ọkọ mi, gbogbo ayé mi ni mo fi fọ aṣọ fún ènìyàn, bí nǹkan kan bá wà tí mo mọ̀, rọ́bà ni. Ènìyàn á ra ṣòkòtò tó dáa, á ní òun ò ní wọ̀ ọ́ sí ibi yẹpẹrẹ, á tọ́jú ẹ̀ sínú àpótí. Ọjọ́ tó bá yọ ọ́ jáde, aṣọ ń dán, kò sí ibi tó ya, àmọ́ rọ́bà ìdí ẹ̀ ti kú sínú àpótí tipẹ́. Á wọ̀ ọ́ jáde, á sì bọ́ sílẹ̀ níwájú àwọn àna rẹ̀. Rọ́bà kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Lò ó o, má lò ó o, ó ń lọ.

Ẹ̀gbọ́n yín dé, orí rẹ̀ ń dán, ó rí ìdí Ìgbín, ó figbe ta. "Ta ló bọ́ aṣọ lára táyà mi?" Mo fi àwọn ibi tó là hàn án. Kò tilẹ̀ wò ó. Àtẹ́lẹwọ́ ló fi ń pa ojú táyà, bó ṣe máa ń pa ìsàlẹ̀ bàtà. Ó ní, "Bàtà tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ò jẹ, kò tíì gbó. Ìrìn ló ń gbó bàtà." Mo ní táyà kì í ṣe bàtà. Ó ní, "Kí ni ọkọ̀ wá ń wọ̀ sẹ́sẹ̀?" Inú bí mi gidi. Àárín aránbàtà àti alágbàfọ̀ le, ọkọ mi. Ohun tó bá ń jẹ lójú tèmi, kò ní jẹ lójú tiẹ̀.

A wá gbà pé ká pe ẹlòmíì dá sí i. A ránṣẹ́ sí fọganáísà tó wà ní ìkóríta, ọkùnrin gbọ̀ngbọ̀nràn kan tó ń bẹ̀rù ìjà tọkọtaya ju kí táyà bẹ́ mọ́ ọn lójú lọ. Bó ṣe dé ló dọ̀bálẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n yín, ó ní, "Bàbá, ẹ ó gbó, ẹ ó tọ́." Ẹ̀gbọ́n yín ní, "Àṣẹ." Ó tan tọ́ọ̀ṣì, ó rá wọ abẹ́ Ìgbín, ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó jáde, ó gbọn eruku nù, kò wo ojú ẹnikẹ́ni, ó ní, "Bàbá, ó ti gbó." Ẹ̀gbọ́n yín tún ní, "Àṣẹ!" Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi di ilẹ̀kùn ọkọ̀ mú. Ọkùnrin náà ń làágùn. Ó ní, "Ẹ má bínú, Bàbá, táyà ni mò ń wí. Ẹ̀yin lẹ ó gbó tí ẹ ó sì tọ́. Táyà yìí gbó ni, kò tọ́."

Ó wá fi nọ́ńbà mẹ́rin kan hàn wá lára táyà, ní ẹ̀gbẹ́ inú tí a kì í wò. Ó ní méjì àkọ́kọ́ ni ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ṣe é, méjì ìkẹyìn ni ọdún rẹ̀. Àṣé táyà náà ní ọjọ́ ìbí, ó sì ti jókòó pẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù kí àwa tó rà á. Ọjọ́ tó wọlé wa la ti ń kà á, bí ẹni tó ń ka ọjọ́ orí ìyàwó láti ọjọ́ tó gbé e níyàwó. Èyí tí a rò pé ó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà ti lé ní mẹ́wàá. Ó ní irú ọkọ̀ tó máa ń dúró sójú kan bíi tiwa, ọjọ́ orí ló máa ń pa táyà rẹ̀, kì í ṣe ìrìn. Tó bá ti tó ọdún mẹ́fà tàbí méje, kí ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í fura. Tó bá ti pé mẹ́wàá, kí ó má gbọ́ ohun tí ojú rẹ̀ ń sọ mọ́. Àwọn tó wà lẹ́yìn, níbi tí méjì ti so pọ̀, èyí tó wà nínú lọ́hùn-ún ló burú jù. Ó ní tó bá bẹ́ lórí eré, ó lè ya ilẹ̀ ọkọ̀ láti abẹ́, níbi bẹ́ẹ̀dì wa gan-an.

Ó tún rọra fi kún un pé pólíìṣì bàtà náà wà lára ohun tó ń gbẹ rọ́bà. Ẹ̀gbọ́n yín jókòó sórí àpótí rẹ̀. Ó ní, "Ìfẹ́ ni mo fi ń kùn ún." Fọganáísà ní, "Mo mọ̀, Bàbá." Ó dùn mí fún un. Gbogbo ìjà tó wà nínú mi ló rọlẹ̀, mo sì lọ bu omi tútù wá fún un.

Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti parí. Owó táyà wà nílẹ̀, a ti ń tọ́jú ẹ̀ fún irú ọjọ́ yẹn. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n yín ò lọ síbì kankan. Tí mo bá bi í, á ní kò kánjú. Tí mo bá tún bi í, á ní oòrùn mú jù lónìí. Ọ̀sẹ̀ ń gorí ọ̀sẹ̀, àpò aṣọ tí mo ti dì fún ìrìn àjò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn tí a ń fò ó kọjá. Táyà mẹ́fà ló wà nídìí Ìgbín, mo sì wá ń rí i pé ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Kò ṣàìsàn, kò bá mi jà. Ó kàn máa ń lọ dúró níwájú Ìgbín láìmú pólíìṣì lọ́wọ́, á sì wọlé padà.

Ìgbà yẹn lẹ pè. Bí mo ṣe gbé fóònù sílẹ̀ lẹ́yìn irọ́ ọ̀nà tó bàjẹ́ yẹn, ó jókòó, ó ní, "Ká kúkú ta Ìgbín." Ó sọ ọ́ bí ẹni pé ó ní ká ta àga. Mo bi í pé ta ló máa wá máa lọ wo àbúrò rẹ̀? Ó ní bọ́ọ̀sì wà. Bọ́ọ̀sì! Èyí tó ń já ènìyàn sílẹ̀ lójú pópó nísàlẹ̀ òkè, kí arúgbó méjì wá máa fi ẹsẹ̀ gun òkè yín pẹ̀lú ẹrù lórí?

Ọkọ mi, mo kó kúrò nílé ọkọ. Ẹ má dìde, ẹ jókòó kí ẹ parí kíkà. Mo kó aṣọ mi, mo mú ìrọ̀rí mi àti rédíò kékeré, mo la àgbàlá kọjá, mo wọ inú Ìgbín, mo sì ti ilẹ̀kùn látinú. Mo fi ọkọ sílẹ̀ nítorí ọkọ̀. Ibi tí mo lè bínú lọ náà nìyẹn, torí obìnrin fẹ́ lọ jìnnà, táyà ò gbà fún un. Mo jókòó sídìí fèrèsé tí mo ń wò ó ní kíṣíìnì lọ́hùn-ún. Ó ń ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, ó ń pa á dé, ó ń wá ṣúgà. Ibi tó wà láti ìgbà tí a ti fẹ́ra náà ló wà. Mo fẹ́ pariwo ibẹ̀ fún un, mo fi ọwọ́ bo ẹnu mi.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó kan ilẹ̀kùn. Mo ní, "Ta nìyẹn?" Ó ní, "Àlejò ni." Mo ṣílẹ̀kùn. Ó gbé tíì méjì lórí àwo, ìdajì ti dà sínú àwo náà, ṣúgà tó wà nínú ìyókù sì tó pa ènìyàn. A jókòó sídìí tábìlì kékeré yẹn tí orúnkún fi máa ń kan orúnkún. Ó mu tíì rẹ̀, ó wá sọ ọ̀rọ̀ tó ti ń gbé mì láti ìgbà tí fọganáísà ti lọ.

Ó ní, "Táyà tuntun á tó ọdún méje sí mẹ́wàá. Èmi ńkọ́? Ẹ̀yìn mi máa ń ro mí tí a bá fi máa débẹ̀, mi ò lè wakọ̀ mọ́ tí ilẹ̀ bá ti ń ṣú. Kí ni mo fẹ́ fi táyà tó máa pẹ́ jù mí lọ ṣe? Mo fẹ́ kí èmi àti àwọn tó wà nílẹ̀ yìí jọ parí ni." Ó tún ní, "Ṣé o mọ̀, nígbà tí mò ń rán bàtà, tí arúgbó bá wá dá bàtà tuntun, kì í wo awọ tí mo mú fún un. Ojú mi ló máa ń wò, bóyá mo ń rẹ́rìn-ín. Mi ò fẹ́ wo ojú fọganáísà bẹ́ẹ̀." Mo bi í pé, "Ṣé ẹ máa ń rẹ́rìn-ín ni?" Ó ní, "Rárá o. Tiwọn ni mo máa ń rán le jù. Ẹni tó dá bàtà ní ibi tó ń lọ."

Mi ò ní purọ́ fún yín, mo sunkún. Nígbà tí mo sunkún tán, inú bí mi. Mo ní, "Ẹ bá rọ́bà ṣe àdéhùn ikú, ẹ ò bi ìyàwó yín. Èmi tí mo wà níbí ńkọ́? Ṣé ẹ ti ka ọdún tèmi mọ́ tiyín ni? Ìdílẹ̀kẹ̀ tó ń yọjú lójú fèrèsé ńkọ́? Èmi ò tíì parí o. Ibi tí mò ń lọ ṣì pọ̀." Ó fi ìka nu tíì tó dà sórí tábìlì. Ó wá bi mí pé, "Nígbà tó pè yẹn, ṣé ó sunkún?" Mo ní rárá, ẹ rẹ́rìn-ín ni. Mo ní, "Ẹ mọ ẹ̀rín rẹ̀, èyí tó máa ń rín tí nǹkan bá dùn ún." Ó gbé orí sókè. Ó mọ ẹ̀rín náà láti kékeré yín. Ó dìde, ó ní, "Wọ bàtà rẹ."

A dé ọ̀dọ̀ fọganáísà ní ìkóríta. Ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ ń ké, táyà wà lórí ara wọn dé àjà. Ọkùnrin náà ti gbọ́ ìròyìn ìjà wa, ó fẹ́ ṣe wá lóore kíákíá. Ó yí àwọn táyà kan jáde, ó ní, "Bàbá, ìwọ̀nyí dáa gan-an, owó wọn sì fúyẹ́. Wọ́n ti lo bí ọdún mẹ́ta ní ṣọ́ọ̀bù lóòótọ́, àmọ́ wọ́n á tó yín lò." Kò ní èrò burúkú lọ́kàn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí ẹ̀gbọ́n yín ń sá fún gan-an ló bọ́ lẹ́nu rẹ̀ yẹn. Mo wolẹ̀. Mo ń retí kó sọ pé ó dáa, wọ́n á tó mi, ká máa lọ.

Ẹ̀gbọ́n yín yọ gíláàsì ojú rẹ̀, ó wọ̀ ọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ìka wá nọ́ńbà mẹ́rin náà rí, ó kà á, ó lọ sórí òmíràn, ó kà á. Lẹ́yìn náà ó di ìbàdí mú, ó nàró díẹ̀díẹ̀, ó wo ọkùnrin náà lójú. Ó ní, "Rárá, ọmọ mi. Ìwọ̀nyí ti dàgbà jù fún mi. Lọ gbé àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí wá."

Ọkọ mi, ó ti sọ ọ̀rọ̀ ìfẹ́ sí mi rí, nígbà tí a ṣì wà léwe, tí ó ń fi bàtà tí kò bàjẹ́ ṣe àwáwí wá sí ọ̀dọ̀ mi. Kò sí èyí tó wọ̀ mí lára tó ti ọjọ́ yìí. Mo yíjú sí ẹ̀rọ afẹ́fẹ́, mo ní eruku ló kó sí mi lójú. Táyà mẹ́fà ọmọ tuntun ló wà nídìí Ìgbín báyìí, pẹ̀lú ẹyọ kan fún ìpamọ́. A máa gbéra lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. A ò ní sáré, a máa sùn lọ́nà ju bí a ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀ lọ, tí ilẹ̀ bá ti fẹ́ ṣú a máa dúró. Ẹ má dààmú tí a bá pẹ́ díẹ̀.

Ojú yín á máa ríran kedere, ọkọ mi. Ọwọ́ yín ò ní gbọ̀n lórí aṣọ. Ẹ ò ní ṣe àdánìkanwà. Bí ẹ ṣe ń retí wa, ayọ̀ lẹ ó fi rí wa, a ò sì ní fi ara wa wá ara wa tì.

Èmi ni ìyàwó yín, tó ti padà sílé ọkọ.

Àfikún: Ẹ̀gbọ́n yín ní kí n bi yín pé ẹ̀gbẹ́ ibo nínú ọgbà yín ni ibòòji máa ń wà lọ́sàn-án. Kò fẹ́ kí oòrùn pa àwọn ọmọ rẹ̀. Ẹ bá wa gbálẹ̀ ibẹ̀, kí ẹ sì bá ẹni tó máa ń gbé ọkọ̀ rẹ̀ dí ẹnu géètì sọ̀rọ̀ kó yẹ̀ ẹ́ tipẹ́tipẹ́. Oṣù kan kọ́ là ń bọ̀ wá lò lọ́tẹ̀ yìí.